Ìlà Pupa Lábẹ́ Orúkọ Kẹjọ

Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò jẹun lórí tábìlì nílé Awọnlẹ̀. Ìwé ló gba tábìlì. Ìdì mẹ́fà ni, ojúlówó kan àti ẹ̀dà márùn-ún, ìdì kọ̀ọ̀kan nípọn bí búrẹ́dì, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àti ìbuwọ́lù kékeré nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ìjọba ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí ojú ìwé kan ṣoṣo bá ṣàìní ìbuwọ́lù, wọ́n á gbé gbogbo rẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nítorí náà, orí ìdúró ni wọ́n ti ń jẹun, àwo lọ́wọ́ òsì, ṣíbí lọ́wọ́ ọ̀tún, bí àwọn tó ń dúró de ọkọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa kó ìwé náà lọ, ìyàwó Awọnlẹ̀ din ẹyin, ó sì gbé e pàdé ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ẹ jẹ ẹ́ níbí. Ẹ má gbé òróró súnmọ́ ìwé yẹn."

"Ìwé ta ni? Ìwé ara mi ni mi ò ní súnmọ́?"

"Bí òróró bá kán sí i, wọ́n á ní ilé ìdáná lẹ jókòó sí tí ẹ fi wọn odò."

Awọnlẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nínú ilé. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún kì í gbọ́ tirẹ̀ mọ́ bí ó bá ń gun òkè, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀ tí ó tẹ̀ kọjá rí tí kò lè sọ ibi tí ó dà sí. Bí omi bá dànù nínú ilé, òun ló máa ń sọ ibi tí omi náà máa gbà kí ó tó gba ibẹ̀.

Ẹni kẹta nínú ilé ni aya àbúrò rẹ̀. Àbúrò náà ti kú. Kò sẹ́ni tó ń pe obìnrin yìí ní opó. Ìyàwó ni Awọnlẹ̀ ń pè é, ìyàwó ni ìyáálé rẹ̀, aya Awọnlẹ̀, náà ń pè é, àdúgbò sì ń pè é ní Akọ̀wé nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà nílé ẹ̀kọ́ ní ìlú mìíràn, Awọnlẹ̀ ló sì rán an lọ, láìfi í ṣe ọ̀rọ̀ sọ rí.

Ọ́fíìsì ìjọba tí ìwé náà ń lọ gan-an ni Akọ̀wé ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gba àpòòwé lọ́wọ́ àwọn tó ń díje fún iṣẹ́ àgbàṣe, òun ló ń lu òǹtẹ̀ sí i, òun ló sì ń kọ wákàtí tí ó dé sínú rẹ́jísítà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ìwé náà lé orí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ kò kàn án. Afẹ́fẹ́ fáànù fẹ́ ojú ìwé mélòó kan ṣubú lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ ló gbé sókè, ó rékọjá wọn. Ó ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ òun wà lára àwọn tó máa díje. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ tó ń gba àpòòwé, kí ló kàn ọ́ nínú ẹni tó máa mókè?"

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ bíríkì. Odò kékeré kan wà lẹ́yìn àdúgbò tó máa ń wọlé tọ àwọn èèyàn lọ lọ́dọọdún bí òjò bá pọ̀. Ìjọba fẹ́ wa gọ́tà ńlá fún un, ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn ilẹ̀, kí ó sọ bí omi ṣe ń rìn àti ibi tó yẹ kí wọ́n wa. Òfin sì sọ pé iṣẹ́ tí èèyàn fi orí ṣe báyìí, wọn kì í kàn gbé e fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù. Nínú ọgọ́rùn-ún máàkì, àádọ́rin ni ti ìmọ̀, ọgbọ̀n ni ti owó. Lọ́jọ́ tí Awọnlẹ̀ kà á, ó ká ìwé náà mọ́ àyà, ó ní, "Òfin rèé. Wọ́n ti rántí irú wa." Ó ti wọn odò yẹn fún òjò ọdún mẹ́ta, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì, nínú ẹrẹ̀ tó mu wọn dé orúnkún, láìsí ẹni tó rán wọn níṣẹ́. Ta ló tún kù tó mọ odò náà jù ú lọ?

Ohun kan ṣoṣo ló kù, òǹtẹ̀ orí ìwé owó orí. Òfin ní òǹtẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ó lọ ní Mọ́ńdè, wọ́n ní kí ó padà wá lọ́la. Ó lọ ní Túsìdeè, wọ́n ní lọ́la. Ní Wẹ́sìdeè, ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ọjọ́bọ̀ lónìí, àpòòwé sì gbọ́dọ̀ dé kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù.

Bí Akọ̀wé ṣe ń wọ bàtà láti máa lọ, ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, aago méjìlá ni o. Bí ó bá ti lù, ìlà ni n óò fà."

"Kí ló dé tí o ń sọ ọ́ bí ẹni ń ṣẹ́ èpè? Aago mẹ́sàn-án n óò ti débẹ̀."

"Mo kàn ń sọ ọ́ ni. Àwọn tó kù á máa wò mí."

Ìyáálé rẹ̀ ń nu tábìlì láàárín ìwé sí ìwé. Kò gbójú sókè. "Ó ti gbọ́," ni ó sọ. "Aago wà nílé yìí náà."

Kí aago mẹ́sàn-án tó lù lóòótọ́, Awọnlẹ̀ ti wà nínú ilé ìjọba náà. Aṣọ́nà ní ẹnìkan ṣoṣo ló lè wọlé fún ilé iṣẹ́ kan, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì ìrìnàjò tí ìdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà nínú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni yàrá owó orí wà, àjà kẹta ni wọ́n ti ń gba àpòòwé. Ó jókòó síwájú tábìlì ẹni tó ń tẹ òǹtẹ̀. Ẹ̀wù ọkùnrin náà wà lórí àga, òun alára ò sí níbẹ̀.

"Ó lọ jẹun," ni obìnrin tó wà ní tábìlì kejì sọ.

Ní aago mẹ́wàá, ó ní, "Ó ti ń bọ̀." Ní aago mọ́kànlá, ó ń rẹ́ èékánná. Awọnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé ṣé kò lè bá òun tẹ̀ ẹ́. Ó ní inú dúrọ́ọ̀ ni òǹtẹ̀ wà, dúrọ́ọ̀ wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹni tó lọ jẹun. Awọnlẹ̀ ronú pé kí òun gòkè lọ láìní òǹtẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó mọ ìwé náà lórí: ẹni tí ìwé kan bá dín lára tirẹ̀, bí ẹni tí kò wá ni. Ó tún jókòó.

Ọkùnrin náà dé nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago méjìlá lù. Ó ń fi igi kékeré yọ ẹran léyín. Ó wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò mẹ́rin kí ó tó rí i nínú ẹ̀wù tó fi sílẹ̀ lórí àga. Ó tẹ òǹtẹ̀, kò yọ. Íńkì ti gbẹ. Ó da omi díẹ̀ sí i.

"Bàbá, ẹ̀ bá ti tètè wá," ni ó sọ.

Lífítì kò ṣiṣẹ́. Awọnlẹ̀ gbé báàgì lé èjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ka ìṣísẹ̀ ni, kò mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Lórí ogójì, orúnkún rẹ̀ kọ̀. Ó di ara ògiri mú, ó dúró, ó tún gbéra.

Lókè, Akọ̀wé jókòó níwájú aago ògiri. Orúkọ mẹ́jọ ti wà nínú rẹ́jísítà. Méjì nínú àwọn tó mú àpòòwé wá kò lọ, wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, ojú wọn lọ sára aago, ó padà sára rẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó tún wò ó. Nígbà tí ọwọ́ aago méjèèjì bára wọn lókè, ó mú bírò pupa, ó sì fa ìlà sábẹ́ orúkọ kẹjọ. Ìlà náà kò tọ́ dáadáa.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wọlé. Aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó gbé báàgì náà kalẹ̀ síwájú rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tó sùn.

"Ìyàwó, gbà á."

"Ẹ̀gbọ́n, aago ti lù."

"Mo mọ̀. Ìsàlẹ̀ yìí ni mo wà láti àárọ̀. Òǹtẹ̀ ni wọn ò tètè tẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì wúkọ́. Èkejì ní, kò pariwo, kò sì bú ẹnikẹ́ni, "Madam, a ti rí ìlà o."

Akọ̀wé wo ojú Awọnlẹ̀. Ojú yìí ló wò ó lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú, tí ó ní kí ó lọ kó ẹrù rẹ̀ wá, pé yàrá wà. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ìlà náà pé, *Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kò wọlé.* Ó yí rẹ́jísítà náà sí i kí ó fọwọ́ sí i, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí fún ẹni tó bá pẹ́. Awọnlẹ̀ wo ojú ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ó ṣe máa ń wo ilẹ̀. Ó fọwọ́ sí i.

"O ṣeun, Ìyàwó," ni ó sọ, ó sì gbé báàgì rẹ̀.

Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà tí ọ̀gá ránṣẹ́ pe Akọ̀wé. Ó wọlé tòun ti rẹ́jísítà lábẹ́ apá. Àpòòwé ńlá kan wà lórí tábìlì ọ̀gá, ó mọ́, kò ní òǹtẹ̀ kankan lára.

"Eléyìí ti wà lọ́dọ̀ mi láti àárọ̀," ni ọ̀gá sọ. "Iṣẹ́ pọ̀, n ò rántí gbé e jáde. Kọ aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú sí i."

"Ọ̀gá, mo ti fa ìlà, sà."

"Mo mọ̀. Tún ojú ìwé náà kọ. Rẹ́jísítà tó dọ̀tí kò yẹ ọ́fíìsì wa."

Akọ̀wé kò ṣí rẹ́jísítà náà. Ọ̀gá kò bínú, kò gbé ohùn sókè. Ó béèrè bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń ṣe nílé ìwé. Ó ní ìwé àwọn tí wọ́n fẹ́ sọ di òṣìṣẹ́ tó fìdí múlẹ̀ ti dé orí tábìlì òun, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, òun kò sì tíì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù rẹ̀.

Ohun kan sún Akọ̀wé láti sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹlòmíràn náà wà tó dé lẹ́yìn aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni, sà. Tí a bá ń tún un kọ, ṣé kí n fi tirẹ̀ náà sí i?"

"Ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí mo sọ fún yín."

Ọ̀gá gbé fóònù sílẹ̀. Ó wò ó tàánútàánú, bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó ti ń ṣe dáadáa bọ̀ tó wá ṣàṣìṣe.

"Akọ̀wé, ìyẹn á di ojúsàájú. Ará ilé rẹ ni. Òfin ò gbà á láàyè."

Akọ̀wé jókòó sí igun yàrá ọ̀gá, ó ṣí ojú ìwé tuntun, ó sì kọ orúkọ mẹ́sàn-án. Ó kọ ọ́ dáadáa, lẹ́tà rẹ̀ lẹ́wà, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó fa ìlà pupa mìíràn sábẹ́ ẹ̀kẹsàn-án, ìyẹn tọ́ bí ọ̀pá. Lábẹ́ rẹ̀, ó tún kọ orúkọ Awọnlẹ̀ àti ìṣẹ́jú mẹ́rin rẹ̀. Ọ̀gá fa ojú ìwé àkọ́kọ́ ya, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sápò. Ó ní ìbuwọ́lù ẹni tó pẹ́ kò ṣe pàtàkì.

Ní aago kan, wọ́n ṣí àpòòwé ní gbọ̀ngàn níwájú gbogbo èèyàn, nítorí òfin ní níta gbangba ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é. Ti ìmọ̀ ni wọ́n ṣí, wọ́n ní ti owó á dúró di ọjọ́ mìíràn. Awọnlẹ̀ kò tíì lọ sílé. Ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, báàgì lórí itan rẹ̀. Ọ̀gá ka orúkọ kìíní, ó ka èkejì, títí dé ẹ̀kẹjọ. Ó wá ka ẹ̀kẹsàn-án, orúkọ ilé iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn awọnlẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò gbọ́ rí. Ẹni tó wúkọ́ lórí bẹ́ńṣì lẹ́ẹ̀kan yíjú wo ẹni kejì. Àwọn méjèèjì ló rí ìlà náà. Ẹni kejì ń wo èékánná rẹ̀. Àwọn náà ṣì máa mú àpòòwé wá lọ́jọ́ mìíràn.

Akọ̀wé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá, kò gbójú sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí ó délé ní nǹkan bí aago márùn-ún, ìrẹsì ti wà lórí iná, ìyáálé rẹ̀ sì dúró tì í, ó di apá mọ́yà. Láti ọ̀sán ni Awọnlẹ̀ ti pè é lórí fóònù, ọ̀rọ̀ méjì péré ló sọ fún un: òun pẹ́, Ìyàwó kò gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé fóònù mọ́.

"Ẹ kú ilé, mà."

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin," ni ìyáálé sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìrẹsì tó wà lórí iná yìí, ìṣẹ́jú mẹ́rin ò lè mú un rọ̀. Ṣé ìgbà tí ò ń wọ bàtà rẹ láàárọ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́rin?"

"Àwọn èèyàn jókòó níbẹ̀, mà. Wọ́n ń wo aago."

"Àwọn èèyàn yẹn, ṣé àwọn ló ń bá ọ gbọ́ bùkátà? Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mi ò ní kí o jalè. Mi ò ní kí o purọ́. Mo ní kí o di ojú fún ìṣẹ́jú mẹ́rin."

Akọ̀wé bu omi, kò mu ún. Ọ̀rọ̀ ìyáálé rẹ̀ wọ ibi tí kò tọ́ka sí.

Lódìkejì fẹ́ǹsì, ẹ̀rọ Aránṣọ, aládùúgbò wọn, ti dákẹ́. Obìnrin tó ń gbọ́ tilé onílé ju tara rẹ̀ lọ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èèyàn burúkú.

"Ẹ má bínú o, Ìyá Ilé, n ò fẹ́ dá sí i," ni ó sọ, ó sì dá sí i. "Ṣùgbọ́n òfin lòfin. Bí ó bá gbà á, tí ẹlòmíràn bá lọ sọ, ṣé kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ni?"

"Rán aṣọ rẹ, jàre."

"Mo ń rán an. Mo kàn ń sọ pé irú rẹ̀ ò pọ̀ mọ́ ni. Ẹni tó lè da ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ padà nítorí òótọ́. Bí èmi bá ní irú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, bọ́tìnnì ò ní máa sọnù." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Akọ̀wé, Ọlọ́run á san án fún ọ."

Akọ̀wé ní, "Ẹ ṣeun, mà." Èébú tí ìyáálé rẹ̀ ti ń bú u láti ìgbà tó dé, ó rí ibi gbé e sí. Ìyìn yẹn kò rí ibi gbé e sí. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó jókòó sórí ibùsùn tòun ti báàgì lọ́wọ́.

Awọnlẹ̀ dé bí oòrùn ṣe ń lọ sílẹ̀. Ẹrẹ̀ wà lára bàtà rẹ̀. Ó ti gba ẹ̀bá odò kọjá. Ó gbé báàgì ìrìnàjò náà sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ kalẹ̀. Tábìlì ṣófo báyìí, nítorí náà wọ́n jókòó sí i, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ó dà bíi pé wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé ìgbọ̀nwọ́ sí.

Awọnlẹ̀ jẹun fún ìgbà díẹ̀. Ó jẹun bí ẹni tí kò jẹ nǹkan láti àárọ̀.

"Ìyàwó," ni ó wí, "nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ, orúkọ mélòó ló wà lókè ìlà?"

Ṣíbí Akọ̀wé dúró.

"Mẹ́jọ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Mẹ́jọ ni èmi náà kà." Ó bu omi mu. "Mẹ́sàn-án ni wọ́n pè ní gbọ̀ngàn."

Ìyáálé wo ọkọ rẹ̀, ó wo Akọ̀wé, ó tún wo ọkọ rẹ̀. Ó fẹ́ béèrè ohun kan, ṣùgbọ́n bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń là, ó rí ojú Akọ̀wé, ó sì gbọ́ ìdáhùn láìbéèrè. Adìẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

"Ta ló kọ ẹ̀kẹsàn-án?" ni Awọnlẹ̀ bi í.

"Èmi ni."

"Lẹ́yìn tí mo lọ?"

"Lẹ́yìn tí ẹ lọ, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀gá ni." Ohùn rẹ̀ kéré. "Mo dárúkọ tiyín fún un. Ó ní ojúsàájú ni."

Awọnlẹ̀ mi orí. Kò dà bí ẹni tó bínú. Ó dà bí ẹni tó ti wọn ilẹ̀ kan tán, tó wá rí i pé ibi tí òun gbé èèkàn àkọ́kọ́ sí gan-an kò tọ̀nà, tó sì ń ronú iye nǹkan tó máa yí padà.

"Àwọn yẹn ò mọ odò náà," ni ó sọ. "Orí tábìlì ni wọ́n á ti wọ̀n ọ́n. Ibi tí ó ti yí, lẹ́yìn ilé ìwé yẹn, wọn ò ní mọ̀ pé lábẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà nígbà òjò." Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. "Òfin ní ọjọ́ márùn-ún wà fún ẹni tó bá ní ẹ̀sùn. N óò kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo fọwọ́ sí ò sí mọ́, àbí?"

"Ó wà lápò ọ̀gá."

"Nígbà náà, ọ̀rọ̀ mi nìkan ló kù. A kì í gba ọ̀rọ̀ ẹni tó pẹ́." Ó gbé àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bí mo bá kọ ọ́, tí wọ́n pè ọ́, ṣé wàá sọ ohun tí o rí?"

Akọ̀wé wo ìrẹsì tó wà níwájú rẹ̀. Ó rò ó pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó rò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rí ìwé tí ọ̀gá kò tíì fọwọ́ sí. Ó rí ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ ilé ìwé, tó ń bọ̀ nílé nígbà ìsinmi láti wá bá ìyá tí wọ́n ti lé lẹ́nu iṣẹ́. Ó rí i pé ẹni tó bá jẹ́wọ́ pé òun kọ irọ́ sínú ìwé ìjọba, òun gan-an ni wọ́n á kọ́kọ́ mú, ẹni tó rán an á sì wà lára àwọn tó máa dá ẹjọ́ náà. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ la fi ń ra èké.

Ìyáálé rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Obìnrin tó ti ń jà láti aago márùn-ún na ọwọ́, ó fi bo ọwọ́ Akọ̀wé lórí tábìlì, kò sì wo ojú rẹ̀.

"Ẹ má bi í mọ́," ni ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó jẹun. Kò jẹun láti àárọ̀."

Awọnlẹ̀ wo àwọn méjèèjì. Ó ní, "Ó dáa."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì ti dé iwájú ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní Arìnjìnnà àti èkejì tó ń di ọ̀pá ìwọ̀n mú. Wọ́n ní àwọn kàn ní kí àwọn wá kí bàbá, ṣùgbọ́n esì ni wọ́n wá gbọ́. Láti ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé e wọ odò yẹn, wọ́n sì ti ń pín àǹfààní rẹ̀ lọ́kàn wọn. Awọnlẹ̀ dìde, ó di etí tábìlì mú kí orúnkún rẹ̀ tó gbà, ó sì jáde lọ bá wọn.

Nígbà náà ni Akọ̀wé tó rí ohùn. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ ti ìyáálé rẹ̀, ó dìde, ó sáré dé ẹnu ọ̀nà. Ó fẹ́ sọ pé, Ẹ kọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n, n óò sọ ọ́. Ó ti mú ìlẹ̀kùn dání.

"Ṣé wọ́n ní ti àwọn ẹlòmíràn dára ju tiwa lọ ni, Bàbá?" Arìnjìnnà ló ń béèrè.

"Rárá o," ni Awọnlẹ̀ dáhùn. "Wọn ò ṣí tiwa rárá. Èmi ni mo pẹ́."

"Ẹ pẹ́?"

"Mo pẹ́. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ má ṣe bínú sí mi."

Èkejì ní kò sí ìbínú, pé ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Awọnlẹ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, pé awọnlẹ̀ kan wà lápá òkè ìlú tó ń wá òṣìṣẹ́, òun á fi ìwé ránṣẹ́ sí i pé ọwọ́ wọn dára. Arìnjìnnà béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí odò náà. Awọnlẹ̀ ní àwọn kan máa gbà á, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró títí wọ́n fi yà sí kọ̀rọ̀ òpópónà.

Akọ̀wé gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn; kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn kíkọ nínú rẹ̀ mọ́. Ó dúró níbẹ̀ títí ó fi gbọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ yíjú sílé. Nígbà náà ó jọ̀wọ́ ìlẹ̀kùn náà, ó padà sí àyè rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìrẹsì tó ti tutù.